Wáyà ilẹ̀ nínú àpótí irin: ọ̀nà mẹ́rin láti so ó, àti èyí tí mo fọwọ́ sí

Nígbà òtútù kan, ìyá kan nínú ìjọ wa níhà gúúsù Chicago pè mí lórí fóònù. "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, fíríìjì mi ń ta mí o. Tí mo bá ń nu ilẹ̀ ilé ìdáná, tí ọwọ́ mi bá kàn án pẹ́nrẹ́n, ṣe ló dà bíi pé ìjàlọ bù mí jẹ." Mo ní, "Mọ́mì, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́ rárá. Ẹ pa bírékà ilé ìdáná, mo ń bọ̀."

Ilé bíríkì àtijọ́ ni. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn fíríìjì náà tuntun, ó funfun báláú, ihò mẹ́ta ló ní. Nígbà tí mo tú u, wáyà dúdú wà nípò, wáyà funfun wà nípò, ṣùgbọ́n síkúrúù aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣófo. Kò sí nǹkankan lórí rẹ̀. Mo tan iná padà, mo fi mítà wọ̀n ọ́n: láti láìfù, ìyẹn wáyà dúdú tó ń gbé iná wá, sí ara àpótí irin tí sọ́kẹ́ẹ̀tì jókòó sínú rẹ̀ nínú ògiri, fóólítì 120 gééré. Láti láìfù sí ihò kẹta sọ́kẹ́ẹ̀tì, mítà ń lọ sókè, ó ń lọ sódò, kò dúró sójú kan. Àpótí ní ilẹ̀ tó dára, páìpù irin ló gbé e wá láti bọ́ọ̀dù iná. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kò rí ohun tó so ó mọ́ àpótí. Ẹni tó yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò méjì àtijọ́ tó fi oníhò mẹ́ta rọ́pò rẹ̀ rò pé bí àpótí bá ti jẹ́ irin, ó ti parí.

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra ilé àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ wáyà: nínú àpótí irin, kí ló yẹ kó so sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ilẹ̀? Ọ̀nà mẹ́rin ni òfin fàyè gbà tí mo ń bá pàdé lójoojúmọ́. Agbára wọn ò dọ́gba. Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù sì wà lọ́jọ́ iwájú, nígbà tí ẹlòmíì tí kò mọ̀ wá bá wá tú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà.

Orúkọ tó ń ṣi wá lọ́nà

A ń pè é ní wáyà ilẹ̀, àwọn oníwáyà nílé ń pè é ní earth, àwọn tibí ń pè é ní ground. Gbogbo orúkọ wọ̀nyí ló ń mú wa rò pé inú erùpẹ̀ ni iná ń sá lọ. Iná kì í wá erùpẹ̀ kiri. Ibi tó ti jáde wá ló ń wá láti padà sí, ìyẹn tàràǹsífọ́mà tó wà lórí òpó níta. Iṣẹ́ wáyà ilẹ̀ ni pé bí láìfù bá já tó fara kan irin kan nínú ilé, kí iná yẹn rí ọ̀nà gbọọrọ padà sí bọ́ọ̀dù iná, kó bá níútírà, ìyẹn wáyà funfun tó ń dá iná padà, pàdé níbẹ̀, kó sì tibẹ̀ padà sí tàràǹsífọ́mà. Bí ọ̀nà náà bá ṣí gbalasa, iná tó máa gbabẹ̀ yóò pọ̀ débi pé bírékà yóò já lójú ẹsẹ̀, yóò sì pa iná.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní gbogbo ọ̀nà bàbà àti páìpù láti àpótí lọ dé tàràǹsífọ́mà àti àbọ̀ rẹ̀ ní ìdènà ìdajì óòmù. Fóólítì 120 pín sí ìdajì óòmù, áḿpù 240 nìyẹn. Bírékà áḿpù 15 kò lè gba ìyẹn mọ́ra. Ká wá ní ẹnì kan gbá ọ̀pá bàbà wọ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tó so àpótí mọ́ ọn, tí kò so ó mọ́ bọ́ọ̀dù iná. Bí ọ̀pá yẹn bá dára tó, ìdènà rẹ̀ lè jẹ́ óòmù 25. 120 pín sí 25, áḿpù 4.8 péré ni. Bírékà áḿpù 15 yóò máa wò ó láti àárọ̀ dalẹ́, irin fíríìjì yóò sì wà pẹ̀lú iná lára. Bẹ́ẹ̀, mílíáḿpù 10, ìyẹn ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún áḿpù kan, ti tó láti mú kí iṣan ọwọ́ èèyàn gan mọ́ ohun tó dì mú, kó má lè jù ú sílẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìsopọ̀ ju ọ̀pá lọ. Ọ̀pá ní iṣẹ́ tirẹ̀, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ mànàmáná ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló máa gba ọmọ yín lọ́wọ́ fíríìjì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá àpótí fúnra rẹ̀ ní ilẹ̀

Kò sí ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wúlò bí àpótí irin náà bá dá wà láìsopọ̀ mọ́ ibì kankan. Ní Chicago, a ní oore kan tí ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ò ní: òfin ìlú yìí ti pẹ́ tó ti ń béèrè pé kí wáyà gba inú páìpù irin, kódà nínú ilé gbígbé. Páìpù tó dì dáadáa láti bọ́ọ̀dù dé àpótí jẹ́ ọ̀nà ilẹ̀ lójú òfin. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè ṣí àpótí ní Chicago kí ẹ má rí wáyà ilẹ̀ kankan níbẹ̀, kí ó sì dára.

Lọ́pọ̀ ìlú mìíràn, okùn wáyà oníke ni wọ́n ń lò, wáyà bàbà ìhòòhò kan ló ń gbé ilẹ̀ wá nínú rẹ̀. Ẹ ó rí i bó ṣe wọlé, tàbí bí wọ́n ṣe gé e kúrò lẹ́nu àpótí nítorí pé ó ń dí wọn lọ́wọ́. Mo ti rí èyí lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì máa ń dùn mí, torí ẹni tó gé e ti ná owó ra wáyà tó dára, ó wá sọ ọ́ di aláìwúlò nítorí íǹṣì mẹ́ta.

Èyí tó léwu jù ni okùn wáyà àtijọ́ tí irin wé lára bí ìlẹ̀kẹ̀, tí wọ́n ń pè ní BX. Ó dà bí ohun tó ní ilẹ̀, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ kò ní ọ̀já irin tín-ín-rín tó yẹ kó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí iná ńlá bá gba ara rẹ̀, kàkà kí bírékà já, irin náà lè gbóná títí yóò fi pọ́n bí ẹyín iná nínú ògiri onípákó. Bí ẹ bá bá a nínú ilé yín, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ pe oníwáyà tó ní ìwé àṣẹ.

Ìrù wáyà

Èyí ni mo fọwọ́ sí, òun ni n ó sì pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Wáyà kúkúrú kan, tó tó íǹṣì mẹ́fà sí mẹ́jọ, ti inú àpótí wá sí síkúrúù aláwọ̀ ewé sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá jẹ́ àpótí onípáìpù, orí kan wà lára àpótí, orí kejì wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó parí. Bí wáyà ilẹ̀ bá ti ń bọ̀ láti okùn méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ó kó gbogbo wọn pọ̀, ẹ ó fi ìrù kan kún un tó ń lọ sára àpótí, ìrù kejì tó ń lọ sára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ ó lọ́ wọn pọ̀, ẹ ó fi fìlà oníke dé wọn. Fìlà aláwọ̀ ewé kan wà tó lu lórí: wáyà kan yóò gba ihò orí yẹn jáde, yóò di ìrù fúnra rẹ̀. Ó ń dín iṣẹ́ kù.

Ìwọ̀n wáyà náà ń tẹ̀lé bírékà. Bírékà áḿpù 15, wáyà bàbà nọ́ńbà 14. Áḿpù 20, nọ́ńbà 12. Áḿpù 30, nọ́ńbà 10. Kó jẹ́ ìhòòhò, tàbí kó wọ rọ́bà àwọ̀ ewé, tàbí àwọ̀ ewé tó ní ìlà yẹ́lò.

Síkúrúù tó ń de ìrù mọ́ àpótí ní ìtàn tirẹ̀. Aláwọ̀ ewé ni, wọ́n ń pè é ní 10-32, ìyẹn ni pé eyín 32 ló wà nínú íǹṣì kan. Irin àpótí tí à ń lò nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún íǹṣì. Òfin ní eyín síkúrúù gbọ́dọ̀ gé irin náà mú, ó kéré tán, ní eyín méjì. Ẹ ṣírò ó: eyín méjì nínú 32, ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún íǹṣì gẹ́lẹ́ ni. Síkúrúù pákó tàbí ti ògiri, eyín rẹ̀ jìnnà síra, kò lè ní eyín méjì nínú irin tín-ín-rín bẹ́ẹ̀. Ó lè dà bíi pé ó dì lónìí, bí ilé bá gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá yóò dẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo bá rí wáyà ilẹ̀ lábẹ́ síkúrúù ògiri, mo mọ̀ pé ẹni tó ṣe é kò mọ ìdí tí àwọ̀ ewé fi wà.

Ẹ má sì fi ìrù sábẹ́ síkúrúù tó ń di okùn wáyà mú, tàbí èyí tó ń di ìdérí mú. Síkúrúù ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ mìíràn. Bí ó bá ní iṣẹ́ méjì, ẹni tó bá tú u nítorí iṣẹ́ kan yóò tú ìkejì láìmọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn lára ọ̀nà yìí nìyẹn gan-an. Ìwé òfin iná Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní NEC, sọ ọ́ ketekete pé yíyọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan kò gbọ́dọ̀ já ilẹ̀ àwọn tó kù. Bí gbogbo wáyà ilẹ̀ bá ti di ìdè kan nínú àpótí, tí ìrù nìkan dé ara sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ lè yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ gbé e lọ sọ́jà láti ra irú rẹ̀, yàrá kejì ò ní mọ̀ pé ẹ yọ nǹkankan. Ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn ọdún ogún yóò sì rí ìrù tó na ọwọ́ sí i. Kò lè sọ pé òun ò rí i.

Àléébù rẹ̀? Àyè. Àpótí àtijọ́ kéré, bí wáyà bá pọ̀ nínú rẹ̀, títẹ ìrù wọlé di iṣẹ́. Lójú òfin, ìrù tó bẹ̀rẹ̀ nínú àpótí tó sì parí síbẹ̀ kì í wọ iye wáyà tí à ń kà láti mọ̀ bóyá àpótí ti kún, ṣùgbọ́n ìka yín kò ka òfin. Ẹ ká a ní ìṣẹ́po ìṣẹ́po bí ẹ̀rọ orin accordion, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí kí ẹ tó ti láìfù àti níútírà wọlé. Bí kò bá gbà, ẹ yí àpótí padà sí ńlá. Ẹ má yọ ìrù.

Kílíìpù

Àpótí àtijọ́ kan wà tí kò ní ihò oníṣẹ́ eyín fún síkúrúù ewé. Ọ̀nà méjì ló wà: kí ẹ lu ihò, kí ẹ sì gé eyín sínú rẹ̀, tàbí kí ẹ lo kílíìpù ilẹ̀. Kílíìpù yìí jẹ́ irin pẹlẹbẹ kékeré aláwọ̀ ewé tó ń di etí àpótí mú, ó sì ń fún wáyà mọ́ irin. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́ bọ etí àpótí pẹ̀lú wáyà nínú rẹ̀, ẹ ó fi orí síkúrúdíráfà gbá a wọlé títí tí kò ní lè mì.

Lílu ihò ló lágbára jù. Irin ìlu nọ́ńbà 21 ló bá síkúrúù 10-32 mu, irinṣẹ́ tó ń gé eyín náà kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n bí àpótí bá ti wà nínú ògiri pilásítà ilé ọlọ́gọ́rùn-ún ọdún, kí ẹ wá máa ti ẹ̀rọ ìlu wọlé láàárín wáyà àtijọ́ tí rọ́bà ara rẹ̀ ti gan, tó ń ya bí ewé gbígbẹ, kílíìpù ló ṣeé ṣe láìba nǹkan jẹ́. Bí pilásítà bá lẹ̀ mọ́ etí àpótí tímọ́tímọ́, kílíìpù ò ní rí ibi wọ̀, ẹ óò ní láti họ ọ́ díẹ̀. Ẹ ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò ní etí náà. Irin tó fara kan ọ̀dà kò tíì fara kan irin.

Mo ń lò ó, n kò kọ̀ ọ́. Bí ihò bá wà, tàbí tí mo bá lè lu ọ̀kan, síkúrúù ni mo ń lò.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń so ara rẹ̀ mọ́ irin

Ẹ wo ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì dáadáa. Irin pẹlẹbẹ gígùn kan wà tó gbé e dúró, lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀ ni síkúrúù 6-32 méjì ti ń gba inú rẹ̀ wọ àpótí. Lára sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán, páálí tàbí ike kékeré kan wà tó di síkúrúù náà mú kó má baà jábọ́. Páálí kékeré yẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Òun ló wà láàárín síkúrúù àti irin pẹlẹbẹ, kì í sì í jẹ́ kí irin méjèèjì gbá ara wọn mọ́ra. Nígbà tí àpótí bá tún wà jinlẹ̀ nínú ògiri, tí etí sọ́kẹ́ẹ̀tì jókòó sórí pilásítà, síkúrúù méjì tó ń mì yẹn nìkan ló so sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ àpótí. Ìyẹn ni mo bá nílé Mọ́mì, ìyẹn ni mítà ṣe ń lọ sókè sódò.

Lára èyí tó ń so ara rẹ̀, ẹ ó rí sípíríǹgì wẹ́wẹ́ kan tàbí ewé irin kan níbi ihò síkúrúù. Ó ń tẹ síkúrúù mọ́ra nígbà gbogbo, kódà bí síkúrúù kò bá dì pátápátá. Wọ́n ti dán an wò fún iṣẹ́ yẹn, wọ́n sì kọ ọ́ sí ara páálí tí wọ́n fi dì í tà. Ó wọ́n ju ti lásán lọ díẹ̀. Nínú àpótí onípáìpù tí ilẹ̀ rẹ̀ dára, tó sì kún fún wáyà, òun ni ojútùú tó mọ́ jù: ẹ ò nílò ìrù, ẹ ò nílò kílíìpù, òfin sì gbà á.

Ìdí tí n kò fi gbé e ga ju ìrù lọ nìyí: lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, sọ́kẹ́ẹ̀tì yóò gbó. Onílé, tàbí ayálégbé, yóò lọ ra èyí tó rọjú jù ní ilé ìtajà irin. Kò ní mọ̀ pé sípíríǹgì wẹ́wẹ́ yẹn ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀. Yóò fi ti lásán sí i, iná yóò tàn, fóònù yóò gba iná, kò sí ohun tó máa sọ fún un pé ihò kẹta ti kú. Irú àìmọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ló ṣẹlẹ̀ ní ilé ìdáná Mọ́mì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníhò méjì ni wọ́n yọ níbẹ̀.

Irin sí irin

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí àpótí bá wà lórí ògiri, tí kò wọnú rẹ̀, irú èyí tó wà ní báásímẹ́ǹtì àti gáréèjì, irin pẹlẹbẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì lè jókòó tààrà sórí irin àpótí. Òfin gba ìfarakanra yẹn, bí ẹ bá yọ, ó kéré tán, ọ̀kan nínú páálí kékeré yẹn kúrò. Ṣùgbọ́n bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá wà lára ìdérí, tí kì í ṣe lára àpótí fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ìdérí gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n fọwọ́ sí fún un, àwọn ohun tó di sọ́kẹ́ẹ̀tì mú sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò ní dẹ̀. Báásímẹ́ǹtì a máa rin, irin a máa dípẹtà. Mo máa ń fi ìrù kún un níbẹ̀ láìbéèrè.

Súìṣì ni òfin rọ̀ lọ́rùn fún jù: bí síkúrúù irin bá ti dè é mọ́ àpótí irin tó ní ilẹ̀, ó tó. Kò sẹ́ni tó ń ki fíríìjì bọ súìṣì.

Èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ yàn

Àwọn kan máa ń mú wáyà kékeré, wọn á so síkúrúù ewé mọ́ síkúrúù níútírà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Tẹ́sítà oníná mẹ́ta tí à ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yóò sọ pé gbogbo rẹ̀ dára, torí kò lè mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí níútírà bá já níbì kan láàárín ọ̀nà, gbogbo irin ara fíríìjì, ara ẹ̀rọ ìfọṣọ, ara kọ̀ǹpútà yóò di fóólítì 120, láìsí bírékà kan tó máa já. Fíríìjì tí kò ní ilẹ̀ rárá sàn ju fíríìjì tí wọ́n fi níútírà ṣe ilẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá rí i nílé tí ẹ fẹ́ rà, ẹ bi ara yín pé kí ni wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn ògiri.

Bí kò bá sí ilẹ̀ rárá nínú àpótí, tí ẹ sì fẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta níbẹ̀, ohun méjì ló kù tó bófin mu. Ẹ lè fa wáyà tuntun, èyí tó dára jù tó sì wọ́n jù. Tàbí kí ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì GFCI síbẹ̀, èyí tó ń ṣọ́ iná tó lọ àti èyí tó bọ̀. Bí ìyàtọ̀ wọn bá tó nǹkan bíi mílíáḿpù márùn-ún, ó já. Ó ń dáàbò bo ẹ̀mí. Kò sọ àpótí di ohun tó ní ilẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ lẹ ìwé kékeré inú páálí rẹ̀ mọ́ ọn, tó sọ pé kò sí wáyà ilẹ̀ níbẹ̀. Fún ìyá àgbà tó ń se oúnjẹ, GFCI tó. Fún kọ̀ǹpútà àti àwọn ẹ̀rọ tó nílò ilẹ̀ láti já iná àpọ̀jù sí, kò tó.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ iṣẹ́ wáyà, ọ̀nà àwọn ará Britain ni a sì ń tẹ̀lé níbẹ̀: sọ́kẹ́ẹ̀tì áḿpù 13, fóólítì 230, àpótí irin oní-3 by 3 tàbí 3 by 6 tí a rì sínú búlọ́ọ̀kù. Wọ́n ṣe ibi ìdè wáyà ilẹ̀ kékeré kan sínú àpótí yẹn. Ọ̀gá mi ò jẹ́ kí á pa á tì láé. Wáyà ilẹ̀ wọ ara sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìrù kan tún ti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sí ìdí àpótí. Lónìí mo rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ń fò ó.

Òótọ́ ni pé ọ̀nà àwọn ará Britain gba kí síkúrúù sọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan so àpótí mọ́ ilẹ̀ nígbà míì. Lára àpótí náà, etí méjì ló ń gba síkúrúù. Bí ọ̀kan nínú wọn, ó kéré tán, bá dúró gbọin tí kò ṣeé sún, tí sọ́kẹ́ẹ̀tì sì ní ọ̀já irin tó so ibi ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ ihò síkúrúù, ó lè tó. Bí etí méjèèjì bá jẹ́ èyí tó ń sún, ìrù di dandan. Bí ó bá sì jẹ́ páìpù irin ló gbé ilẹ̀ wá, òfin wọn kò fàyè gba àríyànjiyàn: ìrù gbọ́dọ̀ wà láti ara àpótí sí ara sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Lójú tèmi, nínú búlọ́ọ̀kù tiwa, ẹ má tilẹ̀ gbìyànjú síkúrúù nìkan. Sìmẹ́ǹtì a máa kún ihò etí àpótí, ọ̀rinrin ògiri a máa jẹ irin rẹ̀. Ẹ fi ìwé dí àpótí kí bíríkìlà tó rẹ́ ògiri, ẹ fọ ibi ìdè ilẹ̀ mọ́ lẹ́yìn náà, ẹ so ìrù. Bí ó bá jẹ́ àpótí ike ni ẹ lò pẹ̀lú páìpù ike, kò sí irin láti so mọ́ nǹkankan: sọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan ni wáyà ilẹ̀ ń lọ bá, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀pá ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù. Lọ́pọ̀ ilé nílé, wáyà ilẹ̀ parí sára ọ̀pá tí onílé gbá wọlẹ̀, kò padà bá níútírà. Fóólítì 230 pín sí óòmù 25, áḿpù 9.2. Bírékà áḿpù 32 tó ń ṣọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì kò ní mira. Níbẹ̀, ìrù nínú àpótí nìkan kò lè gbani. RCCB mílíáḿpù 30 nínú bọ́ọ̀dù iná, èyí tó ń ṣọ́ iná tó lọ àti èyí tó bọ̀ bíi ti GFCI, ló máa já, òun àti ìrù ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà. Bí owó bá mọ níwọ̀n, ẹ dín gílóòbù ẹlẹ́wà kù, kí ẹ ra RCCB.

Bí mo ṣe yàn án nílé Mọ́mì

Àpótí ẹ̀yìn fíríìjì náà ní ihò 10-32 nídìí, ọ̀dà ló bò ó. Mo pa bírékà, mo fi tẹ́sítà rí i dájú pé kò síná, mo ha ọ̀dà kúrò, mo fi síkúrúù ewé de ìrù nọ́ńbà 12, torí bírékà ibẹ̀ jẹ́ áḿpù 20. Orí kejì wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo wọ̀n ọ́n: fóólítì 120, mítà dúró ṣinṣin. Fíríìjì padà síbẹ̀, kò ta wọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé iná ṣì ń jò nínú ẹ̀rọ rẹ̀. Ìrù wulẹ̀ fún un ní ọ̀nà mìíràn tí kì í ṣe ara wọn ni, ó sì yẹ kí ẹni tó mọ̀ nípa fíríìjì wá yẹ̀ ẹ́ wò kó tó burú sí i.

Mọ́mì wo ògiri yípo. "Bàbá Ìbejì, àwọn tó kù ńkọ́?" Sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá ló kù tó jọ ọ́, gbogbo wọn funfun báláú. A bẹ̀rẹ̀ láti yàrá àwọn ọmọ ọmọ wọn. Méje nínú wọn kò ní nǹkankan lórí síkúrúù ewé. Méjì ní sípíríǹgì, wọ́n sì dára, ṣùgbọ́n mo fi ìrù sí wọn. Àwọn méjì tó kù nínú báásímẹ́ǹtì ní ìrù láti àtètèkọ́ṣe, bàbà wọn ti ṣú, síkúrúù wọn ṣì dì pinpin. Ẹni yòówù tó ṣe ti báásímẹ́ǹtì yẹn, mo dúró díẹ̀ mo wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kí n tó dé e padà.